Òru Mẹ́ta Nínú Ilé Àwọn Arábìnrin Mẹ́ta

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí, á ní kò sí oko bàbá ẹni tí ó tó ti bàbá òun. Láti kékeré ni a ti mọ òwe yìí, ṣùgbọ́n ọdún 2013 ni ó tó yé wa dé ìdí. A dé ilé bàbá ẹlòmíràn lọ́dún náà, ilé ọ̀hún ni ó sì jẹ́ kí a bojú wẹ̀yìn wo ilé bàbá tiwa.

Ọdún náà ni ìgbéyàwó wa pé ọgbọ̀n ọdún. Àwọn ọmọ wa da owó jọ, wọ́n ní àwọn kò fẹ́ kí a tún ná owó sórí gbọ̀ngàn àti ìrẹsì. Wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfúrufú fún wa lọ sí Tallinn, olú ìlú Estonia, wọ́n sì san owó òru mẹ́ta sílẹ̀ fún wa ní òtẹ́ẹ̀lì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Three Sisters. Kolm Õde ni àwọn onílùú ń pe àwọn ilé náà ní èdè tiwọn, èyí ni Àwọn Arábìnrin Mẹ́ta. A dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọ, a sì di ẹrù.

Ohun kan wà nínú àpò wa tí a kò sọ fún àwọn ọmọ. Ìwé kan ni, tí lọ́yà fi ránṣẹ́ sí wa láti Èkó, tí ó ń retí ìfọwọ́sí wa. Ilé mọ̀lẹ́bí wa ní Pópó Àgùdà ni ìwé náà dá lé lórí. Káfíńtà ni ẹni tí ó kọ́ ilé náà, ọmọ àwọn Àgùdà tí wọ́n ti Bahia ní Bùràsíìlì padà wá sílé. Ọmọ mẹ́ta ni ó bí, ẹ̀ka mẹ́ta ni ó sì ni ilé. Oníṣòwò kan fẹ́ wó o lulẹ̀, kí ó kọ́ pílásà alájà mẹ́rin síbẹ̀. Yóò fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀bù kan àti owó. Ẹ̀ka méjì ti fọwọ́ sí i. Tiwa nìkan ni ó kù.

Báyìí ni a ṣe gbé ìwé ìwólé lọ sùn nínú ilé tí wọn kò wó.

Òpópónà kan wà nínú ìlú àtijọ́ Tallinn tí wọ́n ń pè ní Pikk, ìtumọ̀ rẹ̀ ni Gígùn. Òkúta ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀ rẹ̀, tí báàgì onítáyà wa ń ta gbọ̀n-ọ́n-gbọ̀n-ọ́n lórí rẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn bá gbé kẹ̀kẹ́ gba ọ̀nà oko. A kọjá ìdí Ṣọ́ọ̀ṣì Olaf Mímọ́, tí ilé ìṣọ́ rẹ̀ ga tó mítà 124. Kí a tó dé ẹnubodè tí ó kọjú sí òkun ni a rí wọn lápá kan: ilé mẹ́ta tí wọ́n fi èjìká ti èjìká, tí àwọ̀ wọn kò dọ́gba, tí orí ògiri iwájú wọn sì ṣe ṣóńṣó sókè. Ó ti lé ní 500 ọdún tí wọ́n ti wà níbẹ̀. Wọ́n jọ ara wọn bí ọmọ ìyá, síbẹ̀ ẹnìkan kò ní pe ọ̀kan ní èkejì.

Ilé oníṣòwò ni wọ́n. Láyé ìgbà náà, Reval ni àwọn ará Jámánì ń pe ìlú yìí, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ àwọn ìlú oníṣòwò tí a mọ̀ sí Hansa. Iyọ̀ àti aṣọ ń ti ìwọ̀-oòrùn wọlé, awọ ẹranko onírun àti ìda oyin ń ti Rọ́ṣíà jáde. Bí ẹ bá gbé ojú sókè wo ilé náà, ẹ ó rí i pé ìlẹ̀kùn wà lókè pátápátá níbi tí kò sí àtẹ̀gùn tí ènìyàn lè gbà dé ibẹ̀. Lókè ìlẹ̀kùn náà, igi kan nà jáde bí apá. Igi yẹn ni wọ́n ń so okùn mọ́ láti fa àpò ẹrù gòkè láti ojú títì. Ẹrù ni ó ni òkè ilé, àwọn ènìyàn a sì máa gbé ìsàlẹ̀.

Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, gbọ̀ngàn ńlá kan máa ń wà níwájú, níbi tí wọ́n ti ń tajà, tí wọ́n ti ń dáná, tí wọ́n sì ti ń gba àlejò. Lẹ́yìn rẹ̀ ni yàrá tí onílé àti ìdílé rẹ̀ ń gbé. Ọgbọ́n tí wọ́n fi ń mú yàrá yẹn móoru yà wá lẹ́nu. Wọ́n á kọ́ ààrò sí abẹ́ ilẹ̀, wọ́n á kó òkúta lé e lórí. Bí iná bá jó tán tí èéfín lọ, wọ́n á ṣí ihò tí ó wà nílẹ̀ yàrá, ooru òkúta á sì máa gòkè wá bá wọn. A rántí ìyá wa àgbà tí í máa gbé ìkòkò agbada sórí ẹyín iná tí ó ti ń kú lọ, kí ọbẹ̀ má baà tutù. Ọgbọ́n kò sí lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo.

Ní ọdún 2003 ni wọ́n sọ ilé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di òtẹ́ẹ̀lì. Wọ́n ṣí wọn sí ara wọn nínú, ṣùgbọ́n lójú títì, ilé mẹ́ta ni wọ́n ṣì jẹ́. Kì í ṣe òtẹ́ẹ̀lì ńlá tí ènìyàn ń sọnù nínú rẹ̀, yàrá mẹ́tàlélógún péré ni. Yàrá kan kò sì bá èkejì mu, nítorí pé bí ògiri bá ṣe yà ni wọ́n ṣe yà pẹ̀lú rẹ̀. Nínú yàrá tiwa, ìtì igi àjà wà lókè orí wa, ó dúdú, ó nípọn ju itan àgbàlagbà lọ. Ògiri jìn tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè jókòó sójú fèrèsé. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀dì rọ̀ bí òwú, omi gbígbóná ń tú jáde bí òjò, ilẹ̀ ilé ìwẹ̀ sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀. A kò sùn sí irú ibẹ̀ rí. Ọ̀kan nínú wa ní, "Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ ti náwó jù." Èkejì ti sùn lọ.

Ní ọjọ́ kejì ni a rin Pikk láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. A dé iwájú ilé kan tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ kún fún ọnà àti ọ̀dà. Orí ènìyàn dúdú kan wà lára rẹ̀. A dúró. Wọ́n sọ fún wa pé ilé Ẹgbẹ́ Olórí Dúdú ni, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ oníṣòwò tí wọn kò tíì gbéyàwó, àti pé Maurice Mímọ́, ajẹ́rìíkú tí wọ́n máa ń yà bí ènìyàn dúdú, ni alábòójútó ẹgbẹ́ náà. Láti òwúrọ̀ ọjọ́ náà a kò tíì rí dúdú kankan ní ìgboro àfi ara wa. A kí i. A ní, "Ẹgbọ́n, ẹ kú ilé." Ẹ má fi wá rẹ́rìn-ín, ẹni tí ó bá ti gbé òkè òkun pẹ́ mọ bí ó ti máa ń rí.

Nígbà tí a padà dé òtẹ́ẹ̀lì, a bi ọmọbìnrin tí ó ń gba àlejò pé níbo ni ọmọ àti àrọ́mọdọ́mọ àwọn tí ó kọ́ ilé wọ̀nyí wà. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní kò sí wọn mọ́, pé ilé náà ti ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́. Ìtàn ìlú náà ni ó sọ fún wa lẹ́yìn náà. Àwọn tí wọ́n jẹ́ Jámánì, tí baba ńlá wọn ti ń ṣòwò níbẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, púpọ̀ jù lọ nínú wọn ni wọ́n kó ẹrù lọ láàárín ọdún 1939 sí 1941 nígbà tí Hitler pè wọ́n. Ìjọba Soviet wọlé ní 1940, wọ́n gba ilé lọ́wọ́ onílé. Àwọn ará Jámánì lé wọn ní 1941, wọ́n tún padà wá ní 1944. Ní oṣù kẹta ọdún 1944, bọ́ǹbù jó apá kan ìlú àtijọ́ náà. Ní 1991 ni orílẹ̀-èdè náà tó gba òmìnira rẹ̀ padà.

Ẹ wo gbogbo ohun tí ó kọjá lórí ilé yìí, síbẹ̀ ó dúró. Ẹnìkan lè sọ pé òkúta ni, pé tiwa jẹ́ amọ̀ àti bíríkì. Kì í ṣe òkúta nìkan. Igi àjà ń jẹrà níbẹ̀ bí ó ti ń jẹrà nílé wa, òrùlé ń jò níbẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé ní ọdún 1966, nígbà tí ìjọba Soviet ṣì wà lórí wọn, wọ́n ṣe òfin tí ó dáàbò bo gbogbo ìlú àtijọ́ náà. Ní 1997, UNESCO kọ orúkọ ìlú náà mọ́ ogún gbogbo ayé. Lẹ́yìn òfin ni iṣẹ́ dé: wọ́n fún ilé ní iṣẹ́ tí yóò máa ṣe, tí yóò fi máa bọ́ ara rẹ̀.

Òru ọjọ́ náà, a kò sùn dáadáa. Ìwé Èkó wà lórí tábìlì. Ọ̀kan nínú wa sọ pé, "Ilé tiwọn dúró, ọmọ ilé ni kò sí. Tiwa, ọmọ ilé pọ̀ lọ jàra, ilé ni kò fẹ́ dúró." Èkejì kò fèsì. A ń ronú ilé náà: ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn tí ó la àárín rẹ̀ já, àtẹ̀gùn onígi tí àwa ọmọdé kò gbọdọ̀ sáré lórí rẹ̀, òdòdó tí wọ́n fi símẹ́ǹtì ṣe sí orí fèrèsé. Níbẹ̀ ni a ti ń jẹ frejon, ẹ̀wà tí a fi omi àgbọn sè, ní gbogbo Ọjọ́ Ẹtì Rere. Ojú fèrèsé òkè ni a ti ń wo àwọn Kàrẹ́tà bí wọ́n bá ń kọjá ní àkókò ọdún. Lẹ́yìnkùlé ni sàréè àwọn méjì wà. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù lé wọn lórí?

Kí ilẹ̀ tó mọ́, a ti pinnu pé a kò ní fọwọ́ sí i. Inú wa dùn sí ara wa. Lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, a pe Ìyá Pópó, ẹ̀gbọ́n bàbá wa, tí ó jẹ́ òun nìkan ni ó kù tí ó ń gbé inú ilé náà nínú àwọn àgbà.

"Ẹ káàárọ̀, Mà."

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ṣé dáadáa ni ẹ dé ibi tí ẹ lọ?"

A ní dáadáa ni. A ròyìn ilé mẹ́ta náà fún un, ìtì igi àjà àti ààrò abẹ́ ilẹ̀. Ó ń sọ pé, "Háà! Háà!" Nígbà náà ni a wá sọ fún un pé a kò ní jẹ́ kí wọ́n wó ilé bàbá wọn.

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣé. Èmi náà kò fẹ́ kí wọ́n wó o. Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin ọmọ mi, mo fẹ́ sùn. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń wọ́ bẹ́ẹ̀dì kiri bí òjò bá ṣú. Korobá márùn-ún ni mò ń gbé kalẹ̀. Ẹ̀yin wà lọ́hùn-ún, ẹ̀ ń sunkún ilé. Èmi ni ilé ń sunkún lé lórí."

Ojú tì wá. Ẹ má gbàgbé ibi tí a jókòó sí tí a ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Láti ọdún tí a ti ń fowó ránṣẹ́ sílé, owó ọ̀fọ̀ ni, owó ọdún ni, owó ilé-ìwé ọmọ ni. A kò béèrè nípa páànù lẹ́ẹ̀kan. A fẹ́ kí ilé náà dúró kí a lè máa rántí rẹ̀, obìnrin ẹni ọdún 81 ni ó sì ń bá wa fi korobá dì í mú.

Nígbà tí a padà dé Lọ́ńdọ̀nù, a ta ilẹ̀ tí a rà sí Ìkòròdú, tí a ń pa mọ́ de ìgbà tí a bá fẹ̀yìn tì. Owó rẹ̀ ni a fi yọ òrùlé ilé Pópó Àgùdà, tí a pààrọ̀ àwọn igi tí ó ti jẹrà, tí a sì kan páànù tuntun. Kò rọrùn. Ẹ̀gbọ́n wa kan láti inú ẹ̀ka kejì fìbínú sọ fún wa lórí tẹlifóònù pé, "Ẹ̀yin ní ilé lọ́hùn-ún. Àwa ń san owó ilé. Ṣé ọnà ara fèrèsé ni àwọn ọmọ mi yóò jẹ ni?" A kò rí èsì kankan fún un, nítorí pé òótọ́ ni ó sọ. A kàn bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fún wa ní ọdún mẹ́ta.

Ọdún mẹ́ta kò tíì pé tán nígbà tí ọ̀rọ̀ ilé Fernandez ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Tinúbú, ẹ mọ ilé náà, tí àwọn mìíràn ń pè ní Ìlọ́jọ̀ Bar. Ọdún 1855 ni wọ́n kọ́ ọ, ní 1956 sì ni ìjọba kà á mọ́ ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, katapílà dé, wọ́n sì wó o palẹ̀. Òfin wà, orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé, kò gbà á. Ìgbà náà ni a rí i pé nínú gbogbo ohun tí a rí ní Tallinn, òfin nìkan kò tó. Bí àwọn tí ó ni ilé kò bá rí jẹ nínú rẹ̀, tí ẹni tí ń gbé inú rẹ̀ kò sì rí oorun sùn, ọjọ́ kan péré ni katapílà nílò.

Ẹ̀gbọ́n wa yẹn kan náà ni ó pè wá. Ó ní òun gba Tinúbú kọjá, òun sì dúró síbẹ̀. Ó ní, "Ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ni mo rí." Ó dákẹ́, lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe sí ilé yẹn fún mi dáadáa."

Ohun tí a ṣe kò tó ti Àwọn Arábìnrin Mẹ́ta. Kò sí bẹ́ẹ̀dì olówùú fún àlejò, kò sì sí ilẹ̀ tó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Yàrá méjì tí ó kọjú sí títì ní ìsàlẹ̀ ni a tún ṣe, télọ̀ kan gba ọ̀kan, ẹni tí ó ń tẹ ìwé gba èkejì. Owó ilé náà ń wọ àpò kan ní báńkì tí ẹnì kọ̀ọ̀kan láti inú ẹ̀ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí kí a tó lè fi kan owó náà. Lọ́dọọdún, a kọ́kọ́ ń yọ owó àtúnṣe, a ó sì wá pín ìyókù sí mẹ́ta. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ń rí i. Ẹ̀ka kẹta kò tíì dárí jì wá tán, wọ́n ní à bá ti jẹ owó pílásà tipẹ́. Bí ìpàdé bá dé, wọ́n ń wá, wọ́n ń jókòó, wọ́n kì í bá wa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n wọ́n ń wá.

Ìyá Pópó sùn, ó sì jí fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn tí a kan páànù. Ní 2021, nígbà òjò, ó sùn kò jí mọ́. Nígbà tí a dé ilé fún ìsìnkú rẹ̀, a rí korobá márààrún lẹ́yìn ìlẹ̀kùn yàrá rẹ̀, ó kó wọn wọ inú ara wọn, ó sì ń kó aṣọ tí kò tíì fọ̀ sínú èyí tí ó wà lókè.

Ẹ̀yin ará wa, a kò kọ ìwé yìí láti fi òtẹ́ẹ̀lì yangàn. Bí ẹ bá ní ilé mọ̀lẹ́bí nílé, yálà ní Èkó ni o, tàbí Ìjẹ̀bú, tàbí Ìbàdàn, tàbí Porto-Novo, ẹ pe ilé lónìí. Ẹ má kọ́kọ́ béèrè pé ta ni ó fẹ́ tà á. Ẹ béèrè pé ta ni ó ń sùn níbẹ̀, àti pé ṣé òjò ń jò lé e lórí. Lẹ́yìn èyí ni ẹ tó lè béèrè ibi tí ìwé ilé wà, àti iṣẹ́ tí ilé náà lè máa ṣe tí yóò fi máa bọ́ ara rẹ̀. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ilé baba wa di ilẹ̀ kí a tó rántí rẹ̀. Àmín.